Orí Okùn Tí Bàbá Mi So

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Ẹ tún bá mi yìn Ín, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn kò tíì jí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí òkun mọ ohùn Rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé a jí lónìí, a sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ wa tẹ pákó, kò tẹ omi. Ní etí òkun tí a wà yìí, ẹni tó bá jí tó bá ilé rẹ̀ níbi tó fi í sí lánàá, ó ti ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa nínú ìjọ, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ kó ara yín jọ sápá ọ̀tún, ẹ dákẹ́ ariwo, ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ni mo dìde láti sọ.

Àwọn ará ilé mọ̀ mí. Fún ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá láti Awoye àti Abereke, Màmá Ìbùkún ni wọ́n ń pè mí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé tí ìjọ yìí dá sílẹ̀. Bàbá arúgbó tó wà ní ìjókòó kejì yẹn, tó gbé fìlà lé orí itan, bàbá mi ni. Òun ló ní kí n wá jẹ́ ẹ̀rí yìí. Mo bi í pé, “Bàbá, ṣé kí n sọ gbogbo rẹ̀?” Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí n má ṣe fo ibi tí òun wà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà lẹ́yìn ìsìn pé mo tú àṣírí ilé bàbá mi.

Ibi tó ń dùn mí ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí àbúrò mi, Táyọ̀. Nígbà tirẹ̀, kò sí ibi tí àwọn ọmọ wa ti lè ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní ìlú yìí. Òkè, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà, ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnì ní àárọ̀, wọ́n á gba ẹnu òkun kọjá, níbi tí omi ọ̀sà àti omi òkun ti ń bá ara wọn jà. Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan tú okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́ èbúté, kò fà á wọlé tán. Orí okùn náà ń bá omi lọ lẹ́yìn ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò rí i. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí omi ti le jù, fáànù ẹ́ńjìnì gbá okùn náà mú, ó lọ́ ọ mọ́ra, ẹ́ńjìnì kú. Ìgbì kan dé, ó dojú ọkọ̀ bolẹ̀. Àwọn apẹja sáré dé, wọ́n fa àwọn ọmọ yòókù jáde. Táyọ̀ nìkan ni wọn kò rí, àfìgbà tí omi fúnra rẹ̀ gbé e padà fún wa. Ẹ̀yin ará, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò gbé èrò mọ́. Ó ń pẹja rẹ̀ jẹ́jẹ́, òun nìkan nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wọ inú rẹ̀. Bàbá mi kò lè rí orí okùn tó ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ kó kọjá lára rẹ̀. Okùn ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, á so ó. Okùn ewúrẹ́, á so ó. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé, á rí i pé orí rẹ̀ méjèèjì ní ibi tó dì mú. Ẹ̀yin akọrin, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ti dìde rí láàárín orin, ó lọ so okùn ẹ̀wù ọ̀gá yín mọ́ ọn nídìí, orin sì ń lọ. Gbogbo wa la máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti wá, ẹ̀rín náà kì í sì í dé ọ̀fun mi.

Ó dára. Nígbà tí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà, àwọn ọmọ ìlú yìí tó wà lókè òkun dá owó jọ, wọ́n kó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn bàbá wa, torí wọn ò ní gbádùn ẹ̀rí yìí tí wọn ò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn àpótí kékeré tí ẹ ń rí lórí tábìlì àwọn ọmọ, òfìfo ni wọ́n. Wọn kò ní ọpọlọ tara wọn. Ẹ̀rọ ńlá kan wà ní igun yàrá, òun là ń pè ní sáfà, Linux, ètò tó ń darí rẹ̀, la gbé sínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n àti gbogbo iṣẹ́ wà. Ó dà bí ìyá tó se ìkòkò kan ṣoṣo, tí àwọn ọmọ kàn ń gbé àwo wá. Nígbà tí a bá tan àpótí kékeré, á ké jáde nínú wáyà pé, “Ta ni mo jẹ́ o? Ta ni yóò fún mi ní iṣẹ́?” Sáfà á dá a lóhùn, á fún un ní orúkọ, á sì fi gbogbo ohun tó nílò ránṣẹ́ sí i. Gbogbo wáyà náà wá pàdé nínú àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní ihò púpọ̀ àti iná wínníwínní. Súwíìṣì lorúkọ ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí súwíìṣì yẹn lára, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìdí tí a fi yan irú èyí ni pé iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ wa ń jẹ irin, ó ń jẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń jẹ gààrí. Àwọn àpótí kékeré yìí kò ní ohun púpọ̀ nínú tí iyọ̀ lè jẹ, iná sólà díẹ̀ sì tó wọn. Mo sì fẹ́ràn wọn! Ọkọ mi ní mo fẹ́ràn wọn ju òun lọ, mi ò tíì dá a lóhùn.

Àwọn alábòójútó ìdánwò fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá yẹ yàrá náà wò. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá jí níṣojú wọn, àwọn ọmọ wa á ṣe ìdánwò nílé. Bí wọn kò bá jí, òkè ni wọ́n ń lọ. Ẹnu òkun ni wọ́n ń gbà. Inú òjò la sì wà, ẹ̀yin náà rí bí òkun ṣe ń ṣe lọ́dún yìí. Orúkọ ọmọ mi, Ìbùkún, wà lára àwọn tó máa ṣe ìdánwò náà.

Mi ò bẹ̀rù nígbà yẹn o. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Mo ti tan gbogbo wọn wò, wọ́n ń jí bí àkùkọ. Àfi ìgbà tí òkun yà.

Gbogbo yín lẹ mọ ọjọ́ tí mò ń sọ. Mo lọ sí Òde Mahin ní ọjọ́ náà fún ìpàdé àwọn olùkọ́, ìròyìn ló bá mi níbẹ̀ pé omi ti wọ ìlú wa. Kí n tó rí ọkọ̀ wọ̀ padà, ẹ̀yin ará ilé ti ṣe ohun tí a máa ń ṣe. Ẹ ti gbé àwọn ọmọ sókè, ẹ ti gbé oúnjẹ sókè, ẹ ti gbé àwọn Bíbélì inú ìjọ sókè. Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan sáré lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀rọ sí orí àjà. Omi dé orúnkún nínú yàrá náà, kò kan ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Nígbà tí omi fà, wọ́n nu ilẹ̀, wọ́n kó gbogbo nǹkan sọ̀kalẹ̀, wọ́n to wọ́n padà bí wọ́n ṣe bá wọn, wọ́n tún ki wáyà padà. Nígbà tí mo dé, yàrá náà mọ́ ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, èmi obìnrin. Mo ní Ọlọ́run ṣeun.

Ní ọjọ́ kejì, mo tan ẹ̀rọ. Sáfà jí. Àwọn àpótí kékeré kò jí.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Iná wọn tàn, ojú wọn mọ́lẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sójú pé àwọn ń wá nẹ́tíwọ̀kì. Wọ́n ń wá a, wọ́n ń wá a. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kò rí nǹkan kan. Dúdú. Gbogbo wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Mo pa wọ́n, mo tún tàn wọ́n. Bákan náà ni. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo àwọn ojú dúdú yẹn, ọkàn mi sì lọ tààrà sí ẹnu òkun.

Ẹ̀yin ará, mo ṣiṣẹ́! Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kàn jókòó tí mo ń retí áńgẹ́lì. Mo rò pé iyọ̀ ni, mo fi sípírítì nu ẹnu wáyà tó wọ gbogbo àpótí kékeré. Mo rò pé wáyà ti já nínú, mo rán ọkọ mi lọ ra tuntun. Mo rò pé sáfà ló gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, mo gbé Linux tuntun sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń rìn lọ sí ìparí èbúté, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì fóònù ti máa ń yọjú, mò ń ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ nípa irú wàhálà yìí. Mo pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Àkúrẹ́. Ó ní kí n gbé sáfà wá. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ ibi tí mo wà? Bí mo bá gbé e wọ ọkọ̀ nínú omi yìí, ẹja ni yóò máa lò ó.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa gbàdúrà. Mo kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà mo rí i pé òun nìkan ló sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan kan wà tó dá mi lójú nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ló sì fẹ́ yí mi lórí. Sáfà máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀ lójú ara rẹ̀. Mo ṣí i wò. Mo rí i pé ó ń gbọ́ igbe àwọn àpótí kékeré náà. Ó ń dá wọn lóhùn! Ó ń fún wọn ní orúkọ, ó ń nawọ́ iṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á tún ké, á tún dáhùn, wọ́n á tún ké. Mo jókòó síwájú rẹ̀, omi ń dà lójú mi. Mo ní, “Olúwa, ṣé bí ọ̀rọ̀ èmi àti Ìwọ ṣe rí náà nìyí? Ṣé O ti ń dá mi lóhùn láti ìgbà tí Táyọ̀ ti lọ, tí kò kàn dé ọ̀dọ̀ mi?” Ẹ̀yin bàbá, ẹ foríjì mí, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n ní ẹnì kan ni kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa jókòó sílé ṣe ìdánwò. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ ẹni náà fún mi, mo ní kí wọ́n gbé orúkọ náà padà sílé. Mi ò sọ pé kò sí ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe súwíìṣì ní jàǹbá, mi ò tíì mọ̀ ọ́n ní apá ibí yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn alábòójútó dé, Ìbùkún wọlé bá mi nílé. Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ọmọ náà ní, “Màmi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú mọ́. Bó bá jẹ́ pé a máa lọ sí òkè, màá wọ ọkọ̀. Mi ò bẹ̀rù.” Ẹ wo bó ṣe rí lára mi. Irú ohun tí Táyọ̀ máa sọ gan-an ni. Mo wo ẹnu ọ̀nà, bàbá mi ti dìde. Ó fi àwọ̀n sílẹ̀ bó ṣe wà, gbogbo orí okùn rẹ̀ nílẹ̀, ó ń lọ sí èbúté láìwẹ̀yìn. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti lọ, mi ò rí i kó fi okùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí ju ti ẹ̀rọ lọ.

Ìgbà náà ni mo sáré lọ bá Màmá Ẹsítà, ìyá ẹgbẹ́ aládùúrà wa. Màmá kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó pe àwọn ìyá díẹ̀, a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, a wọlé. Màmá ní kí n pa gbogbo nǹkan tó ń dún, òun kò fẹ́ bá ẹ̀rọ du ohùn níwájú Ọlọ́run. Mo lọ láti tábìlì dé tábìlì, mo pa gbogbo àpótí kékeré. Sáfà àti súwíìṣì nìkan ni mo fi sílẹ̀. A kúnlẹ̀ lórí pákó tútù yẹn. Màmá gbàdúrà. Ẹ mọ àdúrà Màmá Ẹsítà, kì í ṣe àdúrà orí ahọ́n. Ó ní, “Olúwa, ohun tó dí ọ̀nà láàárín ìyá àti àwọn ọmọ nínú yàrá yìí, jẹ́ kó yọ ara rẹ̀ síta.” Gbogbo wa ní àmín. Ó ní kí a dákẹ́, kí a dúró de Olúwa.

A dákẹ́. Ẹ̀yin ará, màá jẹ́wọ́, mo lajú. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, orí mi sì wà nísàlẹ̀ tábìlì, ojú mi bọ́ sí ara súwíìṣì. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, kíkankíkan, láìsinmi, bí ẹni pé ọjà kún inú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Torí mo ti pa gbogbo wọn! Kò sí àpótí kan tó jí, kò sí ẹni tó ń ké, kò sí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Ó yẹ kí ibẹ̀ pa lọ́lọ́ bí àwa náà ṣe pa lọ́lọ́. Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo ẹnu ti padé?

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ wà ní títàn, mi ò lè mọ̀, mo rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ó di ìgbà tí Màmá ní kí n pa ariwo kí n tó rí ibi tí ariwo wà. Ẹ ò bá mi yin Olúwa?

Mo fa ara mi wọ abẹ́ tábìlì, àwọn ìyá ń wò mí. Mo di wáyà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tọ̀ ọ́ láti súwíìṣì dé ibi tó ń lọ. Eléyìí lọ sí tábìlì. Eléyìí lọ sí sáfà. Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan. Ó jáde láti inú súwíìṣì, ó sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà dáadáa, ó tún gòkè padà, orí rẹ̀ kejì sì tún wọ inú súwíìṣì kan náà. Orí méjèèjì, inú àpótí kan ṣoṣo. Ohun tó bá gba ibí jáde, á gba ọ̀hún wọlé, á tún jáde, á tún wọlé, kò ní dákẹ́ láéláé. Òun ló kún gbogbo ọ̀nà. Òun ni kò jẹ́ kí ìdáhùn sáfà ráyè kọjá.

Mo mọ wáyà náà. Èmi ni mo fi í síbẹ̀, fún kọ̀ǹpútà àwọn alábòójútó nígbà tí wọ́n bá dé. Mo ki orí kan bọ súwíìṣì, mo sì fi orí kejì sílẹ̀ kó máa rọ̀.

Mo wá wo ìdè tó wà lẹ́sẹ̀ tábìlì. Ẹ̀yin apẹja, ẹ mọ̀ pé ìdè oníkálukú yàtọ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ ìdè yìí. Òun ló wà lára ọkọ̀ tó gbé mi lọ sí ilé-ìwé. Òun ló wà lára gbogbo nǹkan ilé wa. Mo fọwọ́ kàn án. Mo jókòó sílẹ̀ nísàlẹ̀ tábìlì yẹn, mo ń sunkún, àwọn ìyá rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi.

Mo fa orí wáyà kan jáde. Iná súwíìṣì rọlẹ̀. Lójú ẹsẹ̀! Ó dákẹ́ bí omi ọ̀sà ní àárọ̀. Mo tan àpótí kékeré kan. Ó ké. Sáfà dá a lóhùn. Ó jí! Mo tan èkejì, ó jí. Mo ń sáré láti ibì kan dé ibì kan, Màmá Ẹsítà alára gbé ìró sókè, ó ń bá mi tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo wọn jí. Ariwo halelúyà tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn tí ẹ rò pé ẹnì kan bímọ, àwa ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rí mi wà nìyí. Mo lọ wá bàbá mi. Mo bá a ní èbúté, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó so mọ́ òpó. Mo gbé wáyà náà lọ́wọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo ní, “Bàbá, gbogbo ẹ̀rọ ti jí.” Ó ní, “Ọlọ́run ṣeun, ọma mi.” Ó wá rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Èyí tí mo bá tí orí rẹ̀ ń rọ̀ lọ́jọ́ omi nìyẹn. Mo wá ihò tó bá ẹnu rẹ̀ mu fún un.” Ó na ọwọ́ gbà á. Ó ní, “Ṣé èmi ni?”

Mo lè parọ́ fún un. Ó wù mí kí n parọ́. Mo wọ inú ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Gbogbo wọn ló jí.” Ó ní, “Mi ò fẹ́ kó fa ẹnikẹ́ni lọ ni.” Bàbá mi bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ará, a sin Táyọ̀, bàbá mi kò sunkún. Àwọn ènìyàn ń wí nígbà náà pé ọkàn rẹ̀ le. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn nínú ọkọ̀, ó di wáyà kọ̀ǹpútà mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú. Nígbà tó ṣe, ó ká wáyà náà róbótó, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ fi kọ́ sára ìṣó. Nígbà tí a padà délé, ó bá àwọ̀n rẹ̀ nílẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó wò ó. Ó ní kí a kọ́kọ́ jẹun.

Àwọn alábòójútó dé. Wọ́n tan ẹ̀rọ fúnra wọn, gbogbo rẹ̀ jí níṣojú wọn, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹ rántí bí òjò ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí a ń gbọ́ òkun láti inú ilé, tí ẹ̀yin apẹja gan-an kò lọ sí ojú omi. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnì wà ní èbúté, omi ń gbé e sókè sódò, kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ rìn lórí afárá pákó lọ sínú yàrá wọn.

Bàbá mi wá. Kò tíì dé àyíká ilé-ìwé náà fún ìdánwò kankan láti ìgbà Táyọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, lábẹ́ ìbòrí, títí wọ́n fi parí. Nígbà tí Ìbùkún jáde, gbogbo wa sáré bá a, a ń bi í bóyá ó rọrùn, bóyá ó le. Bàbá mi kò bi í ní ìyẹn. Ó ní kó wá. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fi ọwọ́ kàn án.

Ó ní, “Ó gbẹ.”

Ẹ̀yin ará, ìdí tí mo fi dìde nìyí. Ẹsẹ̀ ọmọ mi gbẹ. Ògo ni fún Ẹni tó ń dáhùn, kódà nígbà tí ariwo kò jẹ́ kí a gbọ́. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní apá ọ̀tún yìí, ẹ dìde. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹ bá èmi àti bàbá mi jó.